Ìwé Ìtàn Yorùbá tí ó pẹ́ lọ́nà, 1899 sí 1921

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, nígbà tí a ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tán tí a ń retí kí àwọn tí ń se oúnjẹ pè wá, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa obìnrin dìde, ó ní òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá òun dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ìyá rẹ̀ ni ó di ìwé mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ olóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. Oríkì ìdílé wọn wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn baálẹ̀ tí ó ti jẹ ní abúlé wọn wà níbẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi ṣí kúrò ní ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó ń ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé ni ó fẹ́ lò ó fún. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé, ẹrù kò dé. Àwọn tí a bi léèrè níbí ní àwọn kò rí i. Àwọn ti ilé ní ó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ ìyá, nọ́ńbà wà lára rìsíìtì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ṣeé kà bí ẹni ń ka ìwé bàbá ẹni.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kan ní láyé òde òní, ta ni ó tún ń di ìwé ránṣẹ́? Kí wọ́n fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi í ránṣẹ́, ó parí. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n màmá àgbàlagbà ni ó di ẹrù náà, ohun tí ó sì wà lọ́kàn màmá ni pé kí ọmọ òun fi ọwọ́ kan ìwé tí bàbá rẹ̀ kọ gan-an. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín ní tiwa, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí ni a ti ń ka ìwé kan tí irú ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀ sí, tí kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ó fi pẹ́ lọ́nà, bí kò ṣe ọdún méjìlélógún. Òun ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ìwé náà ni The History of the Yorubas tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Kò sí ẹni tí ń kọ́ ìtàn ilẹ̀ wa tí kì í ṣí i. Ẹni tí kò tilẹ̀ gba gbogbo ohun tí ó sọ, inú rẹ̀ ni yóò ti rí ohun tí yóò bá jiyàn. Iléeṣẹ́ Routledge ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921, ojú ìwé 684, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fò, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn wà. Johnson kọ tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897, nígbà tí ó ti parí iṣẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1901. Ìwé wá jáde ní 1921. Níbo ni ìwé wà?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a rántí irú ènìyàn tí ọkùnrin náà jẹ́. Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, láti ìdílé Aláàfin Abíọ́dún. Ó tẹ̀lé àwọn òbí rẹ̀ wá sí Ìbàdàn ní ìgbà èwe rẹ̀, ọ̀dọ̀ Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, òyìnbó oníwàásù, ni ó sì dàgbà sí. Hinderer náà ni ó fi ìwé rẹ̀ júbà fún. Ó ṣe olùkọ́, ó di díákónì ní 1880, ó di àlùfáà ní 1888, Ọ̀yọ́ ni ó sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ó ṣe tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Nígbà ogun Kírìjì, nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti dúró sójú ogun fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ti ẹnìkan, Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, wà lára àwọn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ gómìnà Èkó lọ bá àwọn jagunjagun, tí wọ́n sì ń gbé èsì padà, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ìwé tí wọ́n gbé lọ́wọ́ nígbà náà, bí ó bá sọnù, ogun ni yóò máa lọ. Kò sọnù. Nílẹ̀ wa, ẹni tí a fi àrokò rán kì í tú u wò, kì í sì í gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Òun ni a mọ̀, òun ni a ó bi. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Johnson, ó sì dàbí ẹni pé ó rò pé irú ara òun ni gbogbo ayé.

Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi kó ìtàn náà jọ. Ó bẹ̀rù pé bí àwọn àgbà bá ti ń kú ni ìtàn yóò máa bá wọn lọ, ó sì dùn ún pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn kò mọ ti bàbá wọn. (Ẹ má wo ojú ara yín o.) Ó bi àwọn arọ́kìn ní Ọ̀yọ́, ó bi David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ ní Ìbàdàn, ó bi Josiah Òní, oníṣòwò tí ó rí ọ̀pọ̀ ogun náà lójú ara rẹ̀, ó bi Lágúnjú tí ó ti jẹ Tìmì Ẹdẹ rí, tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀ sí òpìtàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn tí ó bi léèrè wọ̀nyí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè bi wọ́n.

Ní 1899 ni ó fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́. Ẹ fojú inú wo bí ẹrù ṣe ń rin ìrìn-àjò nígbà náà. Rélùwéè kò tíì dé Ìbàdàn, 1901 ni wọ́n ṣí i. Orí ni àwọn aláàárù fi ń ru ẹrù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí ẹrù bá dé Èkó, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ inú ọ̀sà, iyanrìn dí ẹnu rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni ó ń gbé e jáde lọ bá ọkọ̀ ńlá lójú òkun. Omi ibẹ̀ kò ṣeé bá ṣeré, ọ̀pọ̀ ẹrù ni ó ti bá a lọ. Síbẹ̀, kì í ṣe orí aláàárù ni ìwé Johnson ti já bọ́, kì í sì í ṣe inú omi. Ó kọjá gbogbo ewu tí ènìyàn ń bẹ̀rù, ó gúnlẹ̀ sí Ìlú Òyìnbó láyọ̀. Orí tábìlì ni ó ti sọnù.

Ẹni tí ó sọ ọ̀ràn náà fún wa ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìlú òyìnbó bíi tiwa ni òun náà rí. King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti kọ́ ìṣègùn, ó sì gba oyè ní Edinburgh. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ oníwàásù ńláńlá ni ó bá ẹ̀gbọ́n òun fi ìwé náà fún òǹtẹ̀wé kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kò dárúkọ ẹgbẹ́, kò dárúkọ òǹtẹ̀wé. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó gbúròó ìwé mọ́. Nígbà tí Dókítà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1900, ó lọ bá òǹtẹ̀wé náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ kò ju pé a ti ṣi ìwé náà gbé sí ibìkan, a kò rí i mọ́, a sì ṣe tán láti san owó rẹ̀.

A ṣe tán láti san owó rẹ̀! Ó ti pẹ́ tí a ti ń ronú lórí gbólóhùn yìí. Èló ni? Ṣé owó bébà àti tàdáwà ni yóò san ni, tàbí owó ogún ọdún? Ta ni yóò díye lé ọ̀rọ̀ Lágúnjú? Ẹni tí ó bá ti kún fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba owó ẹrù tí ó sọnù rí yóò mọ ohun tí a ń sọ: àyè wà níbẹ̀ tí a ó kọ iye tí ohun náà tó sí, bí ó bá jẹ́ aago tàbí bàtà, ó rọrùn. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó wà láyé, kíni ènìyàn yóò kọ síbẹ̀?

Dókítà kò gbà pé lásán ni. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun rò pé nǹkan kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ju èyí tí ojú rí lọ, nítorí àwọn nǹkan mìíràn tí ó rọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wa níbí máa ń fi èyí jiyàn pé òyìnbó jí ìwé náà ni. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá jí ìwé ìtàn yóò tẹ̀ ẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀, a kò sì rí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé kò ṣe pàtàkì lójú ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì gbé e sí abẹ́ àwọn ìwé mìíràn. Bóyá èyí gan-an ni ó dunni ju olè lọ, nítorí pé olè mọ̀ pé ohun tí òun gbé níye lórí.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Samuel Johnson kú. Ìwé àfọwọ́kọ tí ó mọ́ tónítóní ti lọ. Ohun tí ó kù nílé ni àwọn àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ń dánwò, tí a ti fa ìlà sí níbí tí a ti fà á sí lọ́hùn-ún. Dókítà jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù iṣẹ́ náà ba òun, ó sì sú òun, tí òun fi sá fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. A kò lè bá a wí. Dókítà oníṣègùn ni, iṣẹ́ aláìsàn wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó láti 1901 sí 1913. Láàárín ìgbà náà ni Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, ní èdè Yorùbá pàápàá, tí ìwé Johnson ṣì wà nínú àpótí. Dókítà ní yóò dàbí ẹ̀ṣẹ̀ bí òun bá jẹ́ kí làálàá ogún ọdún ẹ̀gbọ́n òun ṣègbé. Ó jókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wàyí o, ìwé ti pé lẹ́ẹ̀kejì, a óò tún fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916 ni, ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń lọ. Inú ọkọ̀ Appam ni wọ́n fi í sí, ọkọ̀ Elder Dempster tí wọ́n kàn ní Belfast ní 1913. Ọkọ̀ náà kúrò ní Dakar ní ọjọ́ 11, ó dorí kọ Plymouth. Gómìnà ilẹ̀ Sàró, Sir Edward Merewether, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń lọ sinmi wà níbẹ̀, kòkó wà, ẹkùrọ́ wà, àgbàdo wà, àti àpótí owó 16.

Ní ọjọ́ 15, lẹ́bàá erékùṣù Madeira, wọ́n rí ọkọ̀ kan tí ó dàbí ọkọ̀ akẹ́rù lásán. Ọkọ̀ ogun Jámánì ni, Möwe ni orúkọ rẹ̀, ó fi àwọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù bora ni. Ìjà kò sí. Àwọn Jámánì kó àpótí owó sínú ọkọ̀ tiwọn, wọ́n sì kó àwọn ará ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n ti rì sínú Appam. Wọ́n wá fi balógun kan tí ń jẹ́ Hans Berg ṣe olórí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ogun 22. Ẹ wò ó, ènìyàn 22 ni ó ń ṣọ́ èrò tí ó lé ní 400! Ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé Berg ní òun ti di àdó olóró mọ́ ọkọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ṣe agídí, gbogbo wọn ni yóò jọ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n retí ọkọ̀ títí, wọn kò rí i. Wọ́n gbà pé ó ti rì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, Appam yọ sí èbúté Hampton Roads ní Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìrìn tí ó lé ní 3,000 máìlì lórí òkun, àsíá Jámánì ni ó sì ń fẹ́ lórí rẹ̀. Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun nígbà náà. Berg ní ìwé àdéhùn kan wà láàárín Prussia àti Amẹ́ríkà láti 1799 tí ó fún òun láṣẹ láti gbé ìkógun òun wá síbẹ̀, kí òun sì máa gbé e níbẹ̀. Àwọn tí ó ni ọkọ̀ pe ẹjọ́. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1917 ni wọ́n tó dá a: kí wọ́n dá ọkọ̀ padà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú gbogbo èyí, ìtàn Odùduwà, ìtàn Ṣàngó, ìtàn Afọ̀njá àti Kúrunmí wà nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní Virginia. Ìwé àdéhùn 1799 ni àwọn lọ́yà ń kà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ìwé mìíràn wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a kà. Bí àwọn Jámánì bá ti mọ̀ pé ó níye lórí ni, wọn ì bá ti kó o pẹ̀lú àpótí owó. Àìmọyì tí ó pa ìwé ti 1899 ni ó gba ti 1916 là.

Ó tó ọdún méjì kí ìwé náà tó tẹ àwọn òǹtẹ̀wé lọ́wọ́. Ogun ti sọ bébà di góòlù nígbà náà, wọ́n ní kí a dúró kí ogun parí. Ogun parí ní 1918. Ní 1920, Dókítà Obadiah Johnson kú. Òun náà kò rí i. Ọdún kejì ni Routledge gbé e jáde. Nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ìwé tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀.

Ohun tí ó ń dààmú wa ní tiwa, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ìtàn, kọjá ikú àti ogun. Ohun tí a ń kà lónìí kọ́ ni Samuel Johnson parí ní 1897. Ohun tí àbúrò rẹ̀ tún kọ ni, láti inú àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìwé bá ń sọ nípa àlàáfíà 1886, ó ń pe Johnson ní Johnson, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. Ṣé òun ni ó fi ìrẹ̀lẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àbí ọwọ́ àbúrò ni? Níbi tí ìwé ti yìn Ìbàdàn tí ó sì bá àwọn olóyè rẹ̀ wí nínú gbólóhùn kan náà, ohùn ta ni? A máa ń kọ “Johnson sọ pé” nínú àròkọ wa, a kì í sọ Johnson wo. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àti lẹ́tà tí Samuel kọ sí ẹgbẹ́ CMS ṣì wà ní Birmingham níbí, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè lọ ka ìwọ̀nyẹn. Ó yẹ kí ọ̀kan nínú wa fi wọ́n wé ìwé 1921 ní ojú ìwé sí ojú ìwé. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé kan gbáko ni.

A sọ díẹ̀ nínú èyí ní ìpàdé, ọbẹ̀ sì tutù díẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́. Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ tí Dókítà lò, àbúrò wa gbé orí sókè, ó ní bàbá òun kì í kọ nǹkan sínú ìwé kí ó má kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, àti pé àwọn kàlẹ́ńdà náà wà lábẹ́ ibùsùn màmá òun, àfi bí eku bá ti jẹ wọ́n. Wọ́n pe màmá níbẹ̀, lójú gbogbo wa. Màmá ní eku kò jẹ ẹ́. Ó ní kí ọmọ òun má ṣe jẹ́ kí òun di ìyẹn náà ránṣẹ́ o. Òun yóò pe ọmọ aládùúgbò tí ó ní fóònù kí ó wá yà á.

Ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, àbúrò wa yóò tún padà lọ béèrè ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni yóò fi mọ́tò gbé e lọ. Màmá ti ka nọ́ńbà ara rìsíìtì fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìpè ìpàdé wa.